Wọn ò wo bíréèkì mi, síbẹ̀ ìwé jáde

Dérébà Àgbà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọkọ̀ akérò ni mo fi ń jẹun. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí n lè gba ìwé road worthiness, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn pé ọkọ̀ yẹ lójú títì. Mo mọ̀ pé bíréèkì iwájú ń ké, mo sì ti gbà pé wọ́n á dá mi padà. Ajẹ́ńtì kan pàdé mi lẹ́nu géètì, ó ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ wọlé, ẹ mú nǹkan wá." Mo sanwó. Kò pẹ́ rárá tó fi mú ìwé dé. Ọkọ̀ ò kúrò níbi tí mo páàkì ẹ̀ sí, wọn ò tiẹ̀ ní kí n tan iná.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlé títí ó fi kanlẹ̀. Èrò 13 ló wà lẹ́yìn mi! Gọ́tà ló gbà wá. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Nígbà tí mẹkáníìkì tú táyà, páàdì ti jẹ tán, irin ló ń ha irin, ọ́ìlì bíréèkì ti dà sílẹ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀:
Bàbá, ẹ kú ewu. Inú irú géètì yẹn ni mo ti ṣiṣẹ́ rí. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà pé wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ tí wọn ò rí, mo sì kọ orúkọ mi sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, mo bá lẹ́tà náà lórí tábìlì ẹni tí mo fẹjọ́ ẹ̀ sùn gan-an. Wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ orúkọ mi. Oṣù mẹ́rin ni n ò fi rí owó oṣù.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé abala 64 òfin ọdún 2000 tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ ní kí wọ́n pa orúkọ ẹni tó bá ta àjọ náà lólobó mọ́. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2016 tún ṣèlérí fún ẹni tó bá ta ìjọba lólobó pé yóò gba ìdá 2.5 sí 5 nínú 100 owó tí wọ́n bá gbà padà. Èmi ò wá owó. Kí wọ́n ṣáà bo orúkọ mi ni mo fẹ́. Ẹ má gbé irú ẹ̀ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín o, àjọ yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.

Dérébà Àgbà:
Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé òfin mú ẹni tó fúnni ní rìbá náà. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ wà lórí ẹ̀. Mo ń gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé.