Ascot lóṣù kẹwàá: ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Àbúrò Peckham:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àwa mẹ́fà fẹ́ lọ sí British Champions Day ní pápá eré ẹṣin Ascot, ọjọ́ ńlá kan fún eré ẹṣin tí kò ní ọgbà fífò lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń mọ ẹṣin tó yẹ ká fowó lé?

Ẹ̀gbọ́n Reading:
Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo orúkọ ẹṣin kankan. Oṣù kẹwàá ni, òjò ń rọ̀, oòrùn ò sì lágbára tó láti fa omi náà. "Good" ni ilẹ̀ tó dára, "soft" ti rọ̀, "heavy" ti di ẹrẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà ní Ascot, èyí tó tọ́ gbọọrọ àti èyí tó yí sọ́wọ́ ọ̀tún, ipò ilẹ̀ wọn sì lè yàtọ̀. Swinley Bottom ló rẹlẹ̀ jù lórí ọ̀nà tó yípo. Lọ́dún 2019, omi pọ̀ débi pé wọ́n kó àwọn eré ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà inú.

Ẹ wo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Cracksman. Ó gba Champion Stakes, ọ̀kan lára eré ọjọ́ yìí, ní 2017, ó fi gígùn ẹṣin méje ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ. Ó tún gbà á ní 2018. Ilẹ̀ rọ̀ nígbà méjèèjì. Àmọ́ ní Ascot yìí kan náà, lóṣù kẹfà 2018, ilẹ̀ le, ẹṣin mìíràn, Poet's Word, sì borí rẹ̀.

Àǹtí Slough:
Òótọ́ ni. Nínú ìwé eré, àwọn nọ́ḿbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin ni ipò tó ti ṣe sẹ́yìn. Ti ọwọ́ ọ̀tún pátápátá ló jẹ́ tuntun jù. 0 túmọ̀ sí pé kò sí lára mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. "C" ni pé ó ti borí ní pápá yìí rí, "D" ni pé ó ti borí nínú eré tó gùn tó báyìí. Ẹ má jẹ́ kí "C" tàn yín o: ẹ bèèrè irú ilẹ̀ tó fi gbà á.

Àbúrò Peckham:
Ẹ ṣeun, mà. "Each-way" ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Reading:
Tẹ́tẹ́ méjì ni: ọ̀kan pé ẹṣin yín á ṣe ipò kìíní, èkejì pé á wà lára àwọn tó ṣíwájú. £5 each-way, £10 ló jáde lápò yín. Tí ẹṣin bá tó 8 nínú eré tí kì í ṣe handicap (eré tí ẹṣin tó dára jù ti ń ru ẹrù tó wúwo jù), ipò mẹ́ta ni wọ́n sábà ń sanwó fún, ní ìdá kan nínú márùn-ún èrè tí ipò kìíní ń mú wá. Ẹṣin 10/1 (£1 mú èrè £10 wá tó bá borí) tó ṣe ipò kejì: £5 kan ti lọ, èkejì mú £15 wá, èrè £10 àti £5 yín.

Ibi tó ti ń dunni nìyí: ilẹ̀ rọ̀ jù láàárọ̀, olùkọ́ ẹṣin kan yọ ẹṣin rẹ̀, mẹ́jọ di méje. Ipò mẹ́ta di méjì nìyẹn, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ṣe ipò kẹta kò ní gba kọ́bọ̀.

Àbúrò Peckham:
Tó bá jẹ́ ẹṣin tiwa ni wọ́n yọ?

Àǹtí Slough:
Tó bá jẹ́ ọjọ́ eré lẹ ta tẹ́tẹ́ náà, owó yín á padà. Èyí tí ẹ ti ta láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ti wọgbó, àfi tí wọ́n bá kọ "non-runner no bet" sí i, ìyẹn ni pé owó á padà tí ẹṣin ò bá sáré. Ẹ ṣọ́ Rule 4 náà: tí ẹṣin tí ọ̀pọ̀ èèyàn fọkàn tẹ̀ bá jáde, wọ́n á gé lára èrè ẹni tó fowó lé àwọn yòókù. Torí náà, ẹ má ta tẹ́tẹ́ kankan títí ẹ ó fi rí ipò ilẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ojú irin Waterloo ń lọ tààrà sí Ascot. Ẹ lè kà á nínú ọkọ̀.