Ṣé ká jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́ kòrónà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà ìdílé tó wà ní England. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ ìmọ̀ràn.

Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ yìí nílé ìwòsàn wa lóṣù Kejìlá 2020, £12.58 ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ń san fún wa lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ìparí 2023, wọ́n ti gé e sí £7.54. Owó oṣù nọ́ọ̀sì ò dín kù o, bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2025 ni owó National Insurance, ìyẹn owó tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí owó oṣù òṣìṣẹ́, ti gbéra láti 13.8% sí 15%. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ní ká fi í sílẹ̀ fún àwọn ilé oògùn. Ìṣirò rẹ̀ pé, mi ò lè jiyàn.

Àmọ́ àwọn àgbàlagbà tí ò lè jáde nílé ń kọ́? Bí nọ́ọ̀sì wa bá lọ gún màmá kan lábẹ́rẹ́, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, á wo ẹsẹ̀ wọn tó ń wú, á yẹ àpò oògùn wọn wò. Ta ló máa ṣèyẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáwọ́, ta ló ń lọ bá irú wọn nílé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń ṣe é, ṣé ẹ para pọ̀ mọ́ àwọn ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ni? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣèpàdé lé e lórí.