Òòfà ẹ̀yìn sípíkà fọ́ sí méjì, kò gbà kí n lẹ̀ ẹ́ padà

Ìyá Ràímì, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé gbogbo yín o. Ọmọ mi tó wà ní cinquième, ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdírì, tú rédíò àtijọ́ kan tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó yọ òòfà dúdú roboto oníhò tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà, èyí tí tíṣà wọn ń pè ní aimant, èmi náà wá ń fi ṣa abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ níbi tí mo ti ń ránṣọ. Àfi gbàù lórí sìmẹ́ǹtì lánàá, ó là sí méjì. Mo ní kí n fi gúlú lẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kò gbà! Tí ojú ibi tó ti là bá ti fẹ́ kanra, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn bí orogún. Ọmọ ní, màámi, ṣebí ara kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀? Mi ò rí nǹkan sọ, ó sì ní ìdánwò PCT, ìyẹn físíìsì, kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbà mí.

Káyọ̀dé, Pọ́bẹ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ dojú ọ̀kan dé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra gbàgà. Agbára rẹ̀ ò tíì lọ, gbogbo irin ló ṣì máa fà, ìkòkò, wáyà, gbogbo ẹ̀.

Tíṣà Kétu
Ìyá Ràímì, ẹ má bá ọmọ yẹn wí o, ìbéèrè gidi ló bi yín. Gbogbo òòfà ló lórí méjì, àríwá àti gúúsù, èyí tó bá jọra wọn a máa lé ara wọn, èyí tí ò jọra a máa fa ara wọn. Ti sípíkà yẹn, ojú pẹrẹsẹ kan ni àríwá, ojú kejì ni gúúsù. Nígbà tó là, ìdajì kọ̀ọ̀kan ṣì ní méjèèjì, tẹ́ ẹ bá wá tò wọ́n bó ṣe wà, àríwá á bá àríwá, gúúsù á bá gúúsù, ìjà dé nìyẹn. Ẹ fi okùn dì í pinpin títí gúlú á fi gbẹ.

Ẹ wo ìrun Jímọ̀, gbogbo èèyàn kọjú síbì kan. Bẹ́ ẹ bá pín wọn sí méjì, apá kọ̀ọ̀kan á ṣì ní iwájú, á ní ẹ̀yìn. Inú òòfà rí bẹ́ẹ̀, àwọn òòfà tíntìntín inú rẹ̀ ló kọjú síbì kan, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè gé e tí àríwá nìkan á kù. Inú irin lásán, bí ọjà Ouando ni, kálukú kọjú síbi tó wù ú.

Káyọ̀dé, má bínú, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o. Irin gan-an, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáltì ló ń fà. Ìkòkò alumíníọ̀mù ò ní lẹ̀, wáyà bàbà ò ní lẹ̀.

Kí ọmọ fi òòfà ra abẹ́rẹ́ lọ́nà kan ṣoṣo, bí ìgbà ọgbọ̀n, kó má rà á lọ rà á bọ̀, abẹ́rẹ́ náà á di òòfà, kó wá gbé e sórí ewé kékeré nínú omi, á yí kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ayé fúnra rẹ̀ òòfà ńlá ni, William Gilbert, dókítà ará Ìlú Ọba kan, ti kọ ọ́ láti ọdún 1600.

Ìyá Ràímì, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun bàbá! Abọ́ irin la kọ́kọ́ lò, abẹ́rẹ́ lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́. A pààrọ̀ rẹ̀ sí abọ́ rọ́bà, abẹ́rẹ́ wá ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹnu kan kọjú sí ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́ lápá àríwá, ìkejì sí ọ̀sà lápá gúúsù. Ọmọ fọwọ́ yí i kúrò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà síbẹ̀.