Ṣé prime ni 4294967297?

Ọmọ Ìṣirò:
Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo lọ́po 2 láti 2, 4, 8, 16 lọ títí ó fi di ìgbà 32, mo wá fi 1 kún un. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń pín in sínú ìwé mi. Gbogbo prime (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù) tó wà nísàlẹ̀ 400 ni mo ti gbìyànjú, ó ń ṣẹ́kù ṣáá. Ṣé prime ni?

Ìyá Ìbejì:
O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, náà rò pé prime ni. Ó rí i pé prime ni 3, 5, 17, 257 àti 65537, ó sì gbà pé èyí tó kàn, ìyẹn nọ́ńbà tìrẹ, náà á jẹ́ prime. Tí o bá yọ 1 kúrò lára ọ̀kan nínú wọn, tí o fi ìyókù lọ́po ara rẹ̀, tí o sì fi 1 kún un, wàá rí èyí tó kàn. Ní 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fi 641 pín in.

Ọmọ Ìṣirò:
Háà! 6700417, kò ṣẹ́kù rárá! Ẹ ṣé gan-an, mà. Báwo ni Euler ṣe mọ̀ pé 641 ni?

Ìyá Ìbejì:
Ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Euler fi hàn pé prime yòówù tó bá máa pín in dọ́gba, tí o bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ pín ìyókù. Kí o tó dé 641, prime mẹ́rin péré ló bá òfin yẹn mu: 193, 257, 449, 577. Ìwọ ti pín ju àádọ́rin lọ!

Àbúrò Olùkọ́:
Má pín 6700417 mọ́ o, prime ni òun. Láti 65537, a ò tíì rí òmíràn nínú ìdílé Fermat yẹn tó jẹ́ prime.