Kí n pààrọ̀ kátálíìsì méjèèjì, àbí kí n jẹ́ kí ọkọ̀ arúgbó yìí máa lọ bẹ́ẹ̀?

Olókọ̀ Pákó:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ ná owó tí n kò ní í rí kó padà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni mo ní, ẹ́ńjìnnì V8, bẹntiróòlù ló ń mu. Ó ti pé ọdún 22, ó sì ti rin kìlómítà 310,000. Pákó àti irin ni mo fi ń rù. Lóṣù tó kọjá, iná check engine tàn, kò sì kú mọ́. Mẹ́káníìkì ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ ọ́, P0420 àti P0430 ló jáde. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tó fi sọ pé catalytic converter (kátálíìsì, àpótí irin tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù) méjèèjì ti kú, kí n lọ ra tuntun. Owó tó pè ń lọ sí ìdajì ohun tí èèyàn máa san tí mo bá ta ọkọ̀ ọ̀hún lónìí.

Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe nìyí: tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án láàárọ̀, á máa gbọ̀n. Tó bá ru ẹrù tó fẹ́ gun òkè, kì í fà bíi tàtẹ̀yìnwá, kí n tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn títí, ariwo lásán ni. Ó tún ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ a máa jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gé e dànù, kí n jó páìpù lásán sí i. Ìyàwó mi ní kí n ta gbogbo rẹ̀ kí n sinmi. Kí lẹ rí sí i?

Ọ̀gá Mẹ́ka:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Kóòdù yẹn kò sọ pé kátálíìsì kú. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí ló sọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹ́ńjìnnì yín, sẹ́ńsọ̀ kan tó ń wo ọ́síjìn inú èéfín wà níwájú kátálíìsì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti iwájú kì í dúró, láti bíi 0.1 volt (ìwọ̀n iná mànàmáná) sí 0.9, á máa lọ á máa bọ̀. Ti ẹ̀yìn ló yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ ní nǹkan bíi 0.6 tàbí 0.7, nítorí kátálíìsì tó wà láàárín wọn ń gba ọ́síjìn pamọ́, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ti ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bíi ti iwájú ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á kọ P0420 fún ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní, tàbí P0430 fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n tí páìpù bá lu níwájú tàbí lẹ́bàá sẹ́ńsọ̀, atẹ́gùn ìta á wọlé, sẹ́ńsọ̀ á máa ka ohun tí kò sí.

Ìbéèrè kan: ṣé kóòdù mìíràn kò sí níbẹ̀? Ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P030?

Olókọ̀ Pákó:
Ó wà o, ọ̀gá. P0307. Mẹ́káníìkì ní ìyẹn kò ṣe nǹkan, pé pípa la ó pa á rẹ́.

Ọ̀gá Mẹ́ka:
Háà! Ọ̀daràn gan-an ló fẹ́ dá sílẹ̀ yẹn. Sílíńdà keje kò jóná dáadáa. Epo tí kò bá jó nínú sílíńdà, inú kátálíìsì ló ti máa lọ jó. Nǹkan yẹn ń fẹ́ ooru láti ṣiṣẹ́, kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi títí ara rẹ̀ á fi tó nǹkan bíi 250 sí 300 lórí ìwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n tí epo tí kò jó bá ń lọ jó nínú rẹ̀, ó lè kọjá 1,000 lọ jìnnà, inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ìdí nìyẹn tí iná check engine fi máa ń ṣẹ́jú nígbà mìíràn dípò kó kàn tàn. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ wá ibi gúnlẹ̀ sí. Kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń sọ pé "jẹ́ kí n délé ná."

Ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì sílíńdà yẹn wò, àwọn ló ń tan iná sí epo. Ẹ̀gbẹ́ tí sílíńdà keje wà, ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣe-ọkọ̀ kan sí èkejì, ẹ wò ó nínú ìwé ọkọ̀ yín, ẹ má fojú dá a.

Aláìníwàhálà:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà pa yín o. Èmi gé tèmi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo jó páìpù sí i. Ọkọ̀ ń fò bí ẹyẹ. Owó àlùbáríkà ló kù sápò mi.

Ìyá Onítírélà:
Àbúrò, tí ọkọ̀ yín bá ń fò lẹ́yìn tẹ́ ẹ gé e, ẹ̀rí pé ó ti dí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé tuntun tó ṣí dáadáa lẹ fi síbẹ̀, bó ṣe máa fò náà nìyẹn. Èyí tó ti dí ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ má di ẹ̀bi náà lé gbogbo kátálíìsì lórí.

Ẹ sì rántí ohun tí nǹkan yẹn ń ṣe. Carbon monoxide tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn lójú oorun, òun ló ń sọ di èyí tí kì í pa ni bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ arúgbó tí ilẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, tí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbẹ, ṣé inú rẹ̀ lẹ fẹ́ jókòó sí láìsí i? Òfin náà ń bẹ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kò gbọdọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì, ibi tí wọ́n bá sì ti ń yẹ èéfín wò, ọkọ̀ yín kò ní yege.

Olókọ̀ Pákó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe èmi. Mo ra tuntun méjì fún ọkọ̀ mi àtijọ́, mo san owó, inú mi dùn. Oṣù keje kò pé tí kóòdù padà. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń jo díẹ̀díẹ̀, omi radiétọ̀ ń wọ inú iná, ohun tí wọ́n fi sínú omi náà ń lọ bo ojú kátálíìsì bí ẹní fi ẹfun kun ún. Bákan náà ni ọkọ̀ tó ń mu ọ́ìlì ṣe máa ń ṣe é. Omi yín ń dín? Ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ wọn méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Wẹ́dà Abẹ́ Ọkọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi tó kàn mí. Ọ̀nà tí èmi fi ń mọ̀ pé ó ti dí rèé. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ iwájú, ẹ de gééjì tó ń wọn bí èéfín ṣe ń tì mọ́ ihò rẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìtẹ epo, kò yẹ kó ju 1.5 psi (ìwọ̀n títì èéfín) lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kó má kọjá 3 psi. Tó bá ń lọ sí 5 tàbí 6, ìdí páìpù yẹn ti dí. Ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ tún ṣe é ní èkejì. Òmùgọ̀ ni yóò ra méjì nígbà tí ọ̀kan ṣì ń mí.

Nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, ẹ tún fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a pẹ́pẹ́. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin tí wọ́n fi amọ̀ sun. Tó bá ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó ti fọ́ nínú.

Nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún oníbàárà: tí wọ́n bá yọ èyí tó ti gbó, ẹ gbé e lọ. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹni tó yọ ọ́. Platinum, palladium àti rhodium ló wà lára amọ̀ yẹn, àwọn tó ń yọ wọ́n jáde ń sanwó fún un. Ìdí nìyẹn tí olè fi ń gé e lábẹ́ ọkọ̀, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ akẹ́rù torí abẹ́ rẹ̀ ga, kò nílò jáàkì. Ẹ tún ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tí páìpù rẹ̀ gé ṣákaṣàka lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ́ńjìnnì:
Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé epo tí wọ́n po òjé mọ́ máa ń pa á. Ṣé ìyẹn náà ṣì wà?

Ọ̀gá Mẹ́ka:
Fún ọkọ̀ ojú títì, ó ti parí. Algeria ló kẹ́yìn tó dáwọ́ dúró láti máa tà á, ní 2021. Ohun tó ń pa á báyìí ni iná tí kò jó dáadáa, ọ́ìlì àti omi.

Olókọ̀ Pákó:
Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Omi kò dín. Ọ́ìlì dín tíntín, kò tó ohun tí mo lè kà sí. Ìwé ọkọ̀ sọ pé ẹ̀gbẹ́ kejì ni sílíńdà keje wà. Mo gbé kọ́ìlì rẹ̀ sí sílíńdà karùn-ún, kóòdù tẹ̀ lé e, ó di P0305. Mo pààrọ̀ kọ́ìlì ẹyọ kan àti púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ. Gbígbọ̀n àárọ̀ kú lọ́jọ́ náà.

Wẹ́dà, mo ṣe ti gééjì yín. Ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní: kò tó 1 láìtẹ epo, kò sì pé 2 ní 2,500. Ẹ̀gbẹ́ kejì: 6, ó sì ń gòkè bí mo ṣe ń wò ó. Nígbà tí mo sì tan ọkọ̀ láàárọ̀ tí mo fi etí sí abẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ "tíkí tíkí tíkí" ní mánífóòdù (irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì) ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní. Bóòtì kan ti ṣẹ́ níbẹ̀, èéfín ti kun ibẹ̀ dúdú. A yọ kùkùté bóòtì náà, a fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i.

Ọ̀gá Mẹ́ka:
Ẹ kú iṣẹ́! Lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ má yọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Kọ̀ǹpútà á ní láti tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, ó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbóná àti ìrìn gígùn lórí eré kan náà. Ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan.

Olókọ̀ Pákó:
Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, P0420 kò padà. Torí náà ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rà, ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo gba Wẹ́dà gbọ́, mo gbé èyí tó gbó délé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ihò kéékèèké wà, ó ti yọ́ pọ̀ bí àbẹ́là tó jó tán, ó ń dán, ihò tí ń bẹ láàárín rẹ̀ kò gba ọmọ ìka mi.

Ó gun òkè lánàá pẹ̀lú ẹrù irin lẹ́yìn. Ìyàwó mi ṣì ní kí n tà á.

Ìyá Onítírélà:
Gíà ńkọ́? Ṣáṣí ò tíì jẹrà? Tí méjèèjì bá yè, ẹ sọ fún ìyàwó wa pé a bẹ̀ ẹ́, kó fún ọkọ̀ náà ní ọdún kan sí i.

Wẹ́dà Abẹ́ Ọkọ̀:
Ẹ rọra kúrò lórí koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ bá ń páàkì o. Tuntun yẹn máa ń gbóná gan-an.