Kí ló pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí Màmá ṣubú?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ ìyá mi àgbà yọ̀ ní pálọ̀, wọ́n ṣubú lulẹ̀, gbogbo wa sì fò dìde pẹ̀lú ìpayà. Nígbà tí wọ́n dìde jókòó, tí a yẹ̀ wọ́n wò tí a rí i pé wọn kò fara pa, àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín kí gbogbo ilé tó gbà á. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Thomas Hobbes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń gún mi lọ́kàn, nítorí ó kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ Leviathan, ní 1651, pé ẹ̀rín jẹ́ ògo òjijì tí ń gun ènìyàn nígbà tó bá rí àbùkù lára ẹlòmíràn tó sì rí i pé òun sàn jù ú lọ. Ṣé ìyá tó tọ́ mi dàgbà ni mo wá ń ṣògo lé lórí ni?

Ìdáhùn kìíní

Rárá o. Francis Hutcheson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Áyálándì, ti fèsì fún Hobbes ní 1725. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ilé àwọn aláìsàn ni à bá máa lọ láti lọ rẹ́rìn-ín, ìgbín ni à bá sì máa sìn nílé dípò ológbò. Lójú tirẹ̀, ohun méjì tí kò bára mu, bí iyì àti ẹ̀tẹ́, ló ń pa wá lẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pàdé lójijì. Ọmọdé tó ń ṣubú lójoojúmọ́ kì í pani lẹ́rìn-ín tó àgbàlagbà tó ń rìn tọláńlá-tọláńlá. Ọ̀wọ̀ tí ẹ ní fún Màmá wà nínú ẹ̀rín yẹn.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò tí ẹ̀rín náà dé: kì í ṣe ìgbà tí Màmá wà nílẹ̀. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ti Jámánì, sọ ní 1790 pé ẹ̀rín a máa wá nígbà tí ohun tí a ń fi gbogbo ọkàn retí bá ṣàdédé di òfo. Ní 1860, Herbert Spencer, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara: agbára tí ara ti kó jọ kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ó sì gba àwọn iṣan ẹnu jáde, lẹ́yìn náà èyí tí a fi ń mí. Ẹ̀yin náà ti múra láti sáré gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn; nígbà tí ẹ rí i pé wọn kò fara pa, agbára yẹn ló di ẹ̀rín.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló pa Màmá fúnra wọn lẹ́rìn-ín ṣáájú wa?

Ìdáhùn kẹta

Níbí yìí, ó yẹ kí a gba ti Hobbes rò. Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn tó jáde ní 1650, ó ní àìlera tiwa àtẹ̀yìnwá náà lè pa wá lẹ́rìn-ín, bí kò bá ti mú ìtìjú lọ́wọ́lọ́wọ́ dání. Màmá tó jókòó ti borí Màmá tó ṣubú. Ti Henri Bergson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Faransé, ni n kò gbà, ẹni tó kọ ọ́ ní 1900 pé àánú gbọ́dọ̀ kúrò lọ́kàn ẹni fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀rín tó dé, nítorí ẹ̀yin tí ẹ yẹ ara Màmá wò náà ni ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi Màmá ní ohun tó wá sí wọn lọ́kàn lásìkò náà, kí ẹ sì kọ ọ́ síbí fún wa.