Ẹ̀jẹ̀ nínú orí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Oyún mi wà ní ọ̀sẹ̀ 28 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ. Wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́ dexamethasone kí a tó wọ tíátà. Mo rò pé torí kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó nìkan ni, àṣé ó máa ń dín ewu kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú orí ọmọ kù pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi gẹ́ẹ̀lì sí àwùjẹ rẹ̀, wọ́n rọra gbé ẹ̀rọ skáànù lé e. Egungun kò tíì bo ibẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wo ọpọlọ. Dókítà ní gíréèdì kejì ni: ẹ̀jẹ̀ ti dé ibi tí omi ọpọlọ ń gbé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò wú. Tó bá wú, ó di ẹ̀kẹta. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wọ ẹran ọpọlọ, ẹ̀kẹrin nìyẹn. Ẹ bi wọ́n ní gíréèdì o! "Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ẹ̀" kò tó.

Mo bèèrè oògùn, wọ́n ní kò sí èyí tó ń dá a dúró. Òpójẹ̀ inú ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbó, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáà lọ sókè sódò, ó lè bẹ́. Ló bá ku kí wọ́n máa fi téèpù wọn orí rẹ̀, bóyá omi ń gbára jọ. Tí nọ́ọ̀sì bá wọ̀n ọ́n tán tó tún un wọ̀n, àyà mi á já pàà.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ fi omi gbígbóná àti òrí tẹ àwùjẹ náà kó lè tètè dí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu dókítà ná." Wọ́n bínú. Ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ lé wọn láyà, ara kan ara, ni inú wọn tó rọ̀.

Ó pẹ́ kó tó jókòó, àmọ́ ó ti ń rìn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú oríire. Táíwò tèmi kò ní nǹkan kan, Kẹ́hìndé ló ní gíréèdì kẹrin. Omi gbára jọ, orí ń tóbi, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀ ṣáá. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sí i lábẹ́ awọ, tó ń fa omi láti orí lọ sí ikùn. Apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju ti Táíwò lọ, gbogbo ilé ló ń bá wí! Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà ìtọ́sẹ̀ ọmọdé ní Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.